Ká Lé Akátá Lọ, Ká sì Bá Adìẹ Wí



Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ṣọ́jà àti agbébọn bá ti jáde ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ìjókòó máa ń pín sí méjì. Apá kan á ní ìjọba ló fà á, pé ká ní wọn ò fi agbára ṣe é ni, kò ní débẹ̀. Apá kejì á ní àwọn tó gbé ìbọn ló fà á, pé ẹni tó bá ń bá ìjọba wí lásìkò ogun, ọ̀tá ló ń ràn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni àgbà kan á dìde, á ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó padà wá bá adìẹ wí. Gbogbo wa á mi orí, a ó gbàdúrà, a ó sì túká.

Òwe yẹn dáa. Àwọn baba wa ló pa á, a ò lè sọ pé irọ́ ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: láti ọdún 2019 tí a ti ń pa á, ṣé akátá ti lọ? Adìẹ ńkọ́, ta ló ti bá a wí? Àwọn tí ìbọn bà láàárín méjèèjì, níbo ni orúkọ wọn wà?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ̀bi ẹnìkan kì í wẹ ẹ̀bi ẹnìkejì nù. Ẹni tó sá pamọ́ sẹ́yìn aláìṣẹ̀ kó tó yìnbọn, ó jẹ gbèsè. Ẹni tó yìnbọn lu aláìṣẹ̀ náà kí ọta lè dé ara ẹni tó sá sẹ́yìn rẹ̀, òun náà jẹ gbèsè. Gbèsè kan kì í san èkejì. Gbèsè tí a ò bá sì kọ sílẹ̀, lọ́jọ́ kan ẹni tó jẹ ẹ́ á ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa

Ẹ má jẹ́ ká ti òkèèrè bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, wọ́n dìbò àwọn aṣòfin láìsí ẹgbẹ́ alátakò kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí oṣù karùn-ún bẹ̀rẹ̀, ìbọn dún ní Kútọnu, ní àdúgbò Cadjèhoun tí ilé Ààrẹ tẹ́lẹ̀, Boni Yayi, wà, ẹ̀mí sì sọnù níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọlọ́pàá mú àwọn kan ní Tchaourou, ìlú náà gbaná, kò sì pẹ́ tí Ṣábẹ̀ náà fi gbaná. Wọ́n dí ọ̀nà. Ìbọn dún láti ọ̀dọ̀ àwọn agbófinró, ìbọn sì dún láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tiwa pẹ̀lú. Ẹ̀mí sọnù ní agbègbè wa. Ará ìlú fara gbọta, ọlọ́pàá náà fara gbọta.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó tún ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n dìbò ààrẹ ní ọjọ́ 11, àwọn alátakò ní sáà ọdún márùn-ún Ààrẹ Patrice Talon ti parí, ìjọba sì ní òfin tuntun ti sún un síwájú díẹ̀. Wọ́n dáná sun táyà, wọ́n gbé igi dí ọ̀nà tó lọ láti Kútọnu sí Pàràkú, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tò sílẹ̀ láìlè lọ láìlè bọ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun wọ Ṣábẹ̀ láti ṣí ọ̀nà. Ìbọn dún. Ènìyàn kú nílùú yìí, wọ́n sì gbé àwọn mìíràn lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ọta ìbọn lára.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu méjì la fi ń sọ ìtàn náà. Àwọn kan ní àwọn tó wà nídìí ìdènà ló kọ́kọ́ yìnbọn sí ọmọ ogun. Àwọn kan ní ọmọ ogun ló yìnbọn lu èrò. Ẹ gbọ́ ná: ọ̀rọ̀ méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ pa pọ̀. Bí ẹnìkan bá ti ẹ̀yìn èrò yìnbọn, ó ṣẹ̀. Bí ọmọ ogun bá wá dà ọta bo èrò náà láìwo ẹni tó gbé ìbọn àti ẹni tí kò gbé e, òun náà ṣẹ̀. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá títì, ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà, ọmọ tó sáré jáde láti wo ohun tó ń dún, kò sí èyí tó kàn wọ́n nínú "ìwọ lo bẹ̀rẹ̀, èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀." Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ìdáríjì tí òkú kò sí níbẹ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, wọ́n ṣe òfin ìdáríjì. Òfin 2019-39 ti ọjọ́ 7 oṣù náà ló pa ẹ̀sùn gbogbo tó jẹ mọ́ ìdìbò ọjọ́ 28 oṣù kẹrin rẹ́. Àwọn tó wà látìmọ́lé nítorí ọ̀rọ̀ náà jáde, inú wa dùn, a sì dúpẹ́. Ó tọ́ ká dúpẹ́. Àmọ́ òfin tó ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún àwọn ọmọ wa, òun kan náà ló ti ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ mọ́ àwọn tí wọ́n pa ènìyàn wọn. Amnesty International sọ ọ́ nígbà náà pé òfin yìí gba ẹ̀tọ́ ìdájọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ìyà jẹ.

Nílé wa níbí, kí a tó dárí ji ènìyàn, á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, á sọ ohun tó ṣe. Ẹni tó ṣẹ̀ náà á wà níjòókòó, á fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó tó bẹ̀ ẹ́ kó gbà. Nínú ìdáríjì ọdún 2019, ta ló dọ̀bálẹ̀? Ìjọba kò sọ pé ọwọ́ tiwa ló yìnbọn báyìí báyìí. Àwa náà kò sọ pé ọmọ tiwa ló yìnbọn báyìí báyìí. A jọ dákẹ́ ni. Òkú nìkan ni kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń parí ọ̀rọ̀. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ní 2021 kò sí nínú òfin yẹn rárá, òun kò tilẹ̀ rí ìdáríjì gbà, ìgbàgbé nìkan ló rí gbà.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ohun tí a dákẹ́ lé lórí ní 2019 ló padà wá bá wa ní 2021. Ojú ọ̀nà kan náà ni, ìdènà kan náà, ìbọn kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti jíhìn fún tàkọ́kọ́, bóyá ẹni tó máa yìnbọn nínú èkejì ì bá ti rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ogun tó ń bọ̀ láti òkè

Kí ló wá dé tí a fi ń hú ọ̀rọ̀ àná jáde? Nítorí pé ìbéèrè yẹn kan náà ló tún ń bọ̀, èyí tó sì ń bọ̀ yìí tóbi ju ti ìdènà ojú ọ̀nà lọ.

Láti ìparí ọdún 2021 ni àwọn agbébọn tó ń pe ogun wọn ní jìhádì ti ń kọlu ilẹ̀ wa láti ẹ̀gbẹ́ Burkina Faso àti Nìjẹ̀r. Ìjọba kó ọmọ ogun lọ sí Atakora àti Alibori, wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Mirador. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ọmọ ogun wa 28 ló kú nínú ìkọlù kan. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún náà, 54 ló tún kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí ìròyìn ti oṣù kẹrin kọ́kọ́ jáde, ènìyàn mẹ́jọ ni wọ́n sọ fún wa pé ó kú, ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá kí ìjọba tó sọ pé 54 ni. Ọmọ ẹnìkan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ọmọ ogun tí ìjọba fúnra rẹ̀ rán níṣẹ́ bá lè pẹ́ tó báyẹn kí wọ́n tó kà á pé, ẹ rò ó wò: àgbẹ̀ tó kú sínú oko rẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa ka tirẹ̀?

Àwọn agbébọn yìí kò sì dá ará ìlú sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n wọ Kaobagou ní kọ̀mínì Kérou, wọ́n sì pa ará abúlé bíi 15. Àwọn yẹn kì í ṣe ṣọ́jà, wọn ò sì bá wọn jà. Wọn ò ṣèèṣì pa wọ́n, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wá wọn wá sílé ni. Kò sí àlàyé kankan tó lè fọ èyí mọ́, yálà wọ́n pè é ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, tàbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, tàbí ẹ̀san.

Ẹ tún wo ọ̀nà ìlà-oòrùn. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2025, JNIM, ẹgbẹ́ tó ń bá wa jà ní àríwá, ní àwọn ti kọlu ọmọ ogun Nàìjíríà ní ìpínlẹ̀ Kwara. Kwara kò jìnnà sí wa. Inú igbó kan náà là ń dẹ, ọjà kan náà là ń ná.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn aládùúgbò wa

Àwọn tí ogun yìí ti dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú wa ti rí ohun tí a ò tíì rí. Ẹ jẹ́ ká fi tiwọn kọ́gbọ́n.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2024, ní Barsalogho ní Burkina Faso, ọmọ ogun kó ará ìlú jáde láti wá gbẹ́ yàrà yí ìlú ká, kí agbébọn má baà lè wọlé. Àwọn ará ìlú náà wà nídìí iṣẹ́ pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́ nígbà tí JNIM dé, wọ́n sì yìnbọn lù wọ́n. Àwọn tí Human Rights Watch kà lé ní 130. Ẹ̀bi ta ni? Ẹni tó fa ìbọn ni apànìyàn, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Àmọ́ ta ló kó ẹni tí kò gbé ìbọn lọ dúró síbi tí ogun máa gbà wọlé? Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó pàṣẹ yẹn, ṣé kò jẹ nǹkan kan ni?

Ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2024, ní abúlé Nondin àti Soro, ìwádìí àwọn Human Rights Watch sọ pé ọmọ ogun ìjọba fúnra wọn ló pa ènìyàn 223, ọmọdé 56 wà nínú wọn, nítorí pé wọ́n rò pé ará abúlé ń ran agbébọn lọ́wọ́. Ìjọba wọn ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti ilé iṣẹ́ rédíò tó sọ ọ̀rọ̀ náà pa fún ìgbà díẹ̀. Ìwádìí tí ì bá fi òótọ́ hàn kò wáyé lójú gbogbo ayé.

Ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 2023, ará abúlé Tudun Biri ní ìpínlẹ̀ Kaduna péjọ fún Máólúdì. Ọkọ̀ òfurufú tí kò ní awakọ̀, ti ọmọ ogun ilẹ̀ wọn, ju àdó olóró lù wọ́n. Ó kéré tán, ènìyàn 85 ló kú. Níbẹ̀, àwọn ọmọ ogun gbà pé ọwọ́ àwọn ni, pé àṣìṣe ni. Ààrẹ pàṣẹ ìwádìí, wọ́n sì ní àwọn ọmọ ogun kan máa lọ jẹ́jọ́. Gbígbà yẹn kò jí òkú. Ṣùgbọ́n ìyá tó sin ọmọ rẹ̀ ní Tudun Biri mọ ẹni tó máa bi. Ìyá ti Nondin kò mọ̀.

Ìyàtọ̀ tí a fẹ́ kí ẹ rí nìyẹn. Gbogbo ogun ló ń pa aláìṣẹ̀. Ohun tó ya ìjọba tó tọ́ sọ́tọ̀ sí agbébọn ni pé ìjọba tó tọ́ máa ń jíhìn fún ẹni tó pa.

Òfin kì í ṣe ti òyìnbó nìkan

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn la wá ń sọ, pé òyìnbó ló kọ́ wa. Rárá o. Nígbà ogun Dànhọmẹ̀, nígbà tí àwọn baba ńlá wa sá gun òkè àpáta tó yí wa ká, ohun tó dùn wọ́n jù, tí wọ́n sì sọ fún ọmọ dé ọmọ, kì í ṣe pé àwọn akọni kú. Akọni mọ ibi tó ń lọ. Ìyá arúgbó àti ọmọ ọwọ́ tí wọ́n kó lẹ́rú ló dùn wọ́n. A ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà yẹn pé ẹni tó jáde sójú ogun yàtọ̀ sí ẹni tí ogun ká mọ́lé.

Òfin ilẹ̀ wa náà sọ ọ́. Ìwé òfin Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, ní abala 15, sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí rẹ̀. Abala 19 lọ jìnnà ju ìyẹn lọ: ó ní bí àṣẹ tí wọ́n pa fún òṣìṣẹ́ ìjọba bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú gidigidi, tó sì hàn kedere bẹ́ẹ̀, kò pọn dandan kó tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni pé ṣọ́jà kò lè ní "ọ̀gá mi ló ní kí n ṣe é," kó sì lọ sùn. Àdéhùn Geneva ti 1949, ní abala kẹta tó wà nínú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní nínú ogun abẹ́lé pàápàá, ẹni tí kò bá wọn jà, tàbí tó ti ju ìbọn sílẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ pa á, wọn ò sì gbọ́dọ̀ dá a lóró. Ó sì de apá méjèèjì, ìjọba àti agbébọn. Bí kò bá sì sí ogun, tó bá jẹ́ ìdènà ojú ọ̀nà lásán bíi tiwa, òfin le jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ìlànà tí wọ́n fẹnu kò lé ní Havana ní 1990 ní agbófinró kò gbọ́dọ̀ yin ìbọn lu ènìyàn àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn.

Ṣé ẹrù ìjọba àti ti agbébọn wá dọ́gba ni? Kò dọ́gba. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dúmbú àgbẹ̀ lóru, ìwà rẹ̀ burú ju ti ẹni tó ṣìnà yìnbọn lọ. A ò ní fi wọ́n sí orí òṣùwọ̀n kan náà. Ṣùgbọ́n ìjọba ló gba owó orí lọ́wọ́ wa, ìjọba ló búra lójú wa, aṣọ tí ṣọ́jà wọ̀, owó wa ni. A ò bá agbébọn dá májẹ̀mú rí. Ìjọba la bá dá májẹ̀mú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìjọba la lè bi. Ẹni tó bá bi ìjọba léèrè kò gbè sẹ́yìn agbébọn. Májẹ̀mú tí a jọ dá ló ń rán an létí.

Ọwọ́ tiwa náà ńkọ́?

Ó rọrùn ká nàka sí Kútọnu. Ẹ jẹ́ ká nàka sí ara wa díẹ̀.

Àkọ́kọ́, àwọn ọdẹ wa. A bọ̀wọ̀ fún wọn, àwọn ló ń ṣọ́ oko, àwọn ló ń mú olè. Ṣùgbọ́n ìbọn ọdẹ, ẹran igbó àti olè ló wà fún. Ọjọ́ tí ó bá ti dúró sẹ́yìn ọmọ ilé ìwé nídìí ìdènà, ó ti di nǹkan mìíràn. Ó ti sọ gbogbo ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ di ẹni tí wọ́n lè yìnbọn lù. Ẹ ò rí i pé ohun tí agbébọn ń ṣe ní àríwá náà nìyẹn? Wọ́n ń wọ abúlé, wọ́n ń sùn láàárín èèyàn, kí ọta tó bá wá sọ́dọ̀ wọn lè kọ́kọ́ ba ará ilé.

Èkejì, àwa àgbà. Àwọn tó fi fóònù pe àwọn ọmọ jáde ní 2019 àti 2021, tiwọn kò jáde. Wọ́n wà nílé, àwọn mìíràn tilẹ̀ wà ní Kútọnu. Ẹni tó rán ọmọ ọlọ́mọ lọ síbi tí kò jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ lọ, òun náà jẹ gbèsè. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, orí ọmọ wọ́, àgbà sì wà lọ́jà.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ àwọn Fúlàní. Ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ti wà ní agbègbè wa tipẹ́, ohun oko àti ohun omi ló fà á, a sì mọ bí a ṣe ń parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí ìròyìn bá ti dé láti Alibori pé wọ́n pa ṣọ́jà, ojú tí a fi ń wo obìnrin tó ń ta wàrà lọ́jà wa á yí padà. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ jáde pé ká lé gbogbo wọn. Bí a bá lé ẹni tí kò ṣẹ̀ nítorí èdè tó ń sọ, ohun tí wọ́n ṣe ní Nondin la ń ṣe yẹn, ìbọn nìkan ni kò tíì dún. A ó sì ti bá agbébọn wá ọmọ ogun, nítorí ẹni tí a lé tí kò ní ibi tó máa lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún un ló máa bá lọ.

Èsì fún àwọn tó ń bẹ̀rù

Àwọn kan á ní ẹ má hú egbò jáde, ìlú ti rọlẹ̀. A gbọ́. Àmọ́ ta ni ìlú rọlẹ̀ fún? Ẹni tí ọta ìbọn ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí kò lè lọ sóko mọ́, ìlú kò rọlẹ̀ fún un. Egbò tí a bò mọ́lẹ̀ láìfọ̀ kì í jinná, inú ló ti ń jẹrà.

Àwọn mìíràn á ní irú ọ̀rọ̀ báyìí ń tu ọkàn ọmọ ogun lára, pé ká fún wọn lágbára ni. Ẹ rántí ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2025, nígbà tí àwọn ṣọ́jà kan fẹ́ gba ìjọba ní Kútọnu tí kò bọ́ sí i fún wọn. Lára ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ni pé wọ́n pa àwọn ọmọ ogun tó kú ní àríwá àti ẹbí wọn tì. A ò fara mọ́ ìfipágbàjọba, bó ti wù kó rí. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé òkú tí a ò bá kà, tí a ò bá tọ́jú ẹbí rẹ̀, ẹlòmíràn á gbé e dìde, á fi ṣe àwáwí fún ohun tí òkú náà kò rán an. Kíka òkú àti jíjíhìn kì í sọ ìjọba di aláìlágbára. Òun ló ń gba ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu ẹni tó fẹ́ lò ó.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Sí ẹ̀yin orí adé àti olóyè wa, ohun márùn-ún la gbé wá síwájú yín, kí ìpàdé tó ń bọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìkíní, ká ṣí ìwé orúkọ. Ìwé kan ṣoṣo, kó wà ní ààfin. Gbogbo ẹni tó kú àti ẹni tó fara gbọta ní agbègbè wa ní 2019 àti 2021, ká kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ẹbí rẹ̀ sọ. Ká kọ ti ará ìlú, ká kọ ti ọlọ́pàá àti ti ṣọ́jà pẹ̀lú. A ò ní kọ orúkọ ẹni tí a fura sí pé ó yìnbọn, nítorí a kì í ṣe ilé ẹjọ́. Ẹbí tí kò bá fẹ́ kí ayé mọ̀, ká bò ó láṣìírí.

Ìkejì, kí àwọn olórí ọdẹ kó ọmọ ẹgbẹ́ wọn jọ, kí wọ́n búra níwájú Ògún pé ìbọn ọdẹ kò ní jáde sí títì mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú, àti pé ẹni tó bá ṣe é kò sí lára wọn mọ́.

Ìkẹta, ká fẹnu kò pé bí a bá fẹ́ fi ẹ̀hónú hàn, àgbà ló máa síwájú, lọ́sàn-án gangan, láìsí ìbọn, láìsí ọmọ ilé ìwé. Àgbà tí kò bá lè lọ kó má rán ọmọ.

Ìkẹrin, kí ìgbìmọ̀ kan wà láàárín àwọn baálẹ̀ wa àti àwọn olórí gáà Fúlàní, kí wọ́n máa pàdé lóṣooṣù. Bí ẹnìkan bá ṣàjèjì, wọn á jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí a bá fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, kó jẹ́ nítorí ohun tó ṣe, kó má jẹ́ nítorí ẹ̀yà rẹ̀. Ká sì máa tọpa rẹ̀, kí ẹbí rẹ̀ mọ ibi tó wà.

Ìkarùn-ún, ká kọ̀wé sí préfet tó wà ní Dásà àti sí àwọn aṣòfin wa. Ká bèèrè ìwádìí lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣábẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2021, àti ìtọ́jú fún àwọn tó di aláàbọ̀ ara. Ká sì bèèrè pé, bí ogun bá dé ẹ̀gbẹ́ wa, kí wọ́n sọ fún ìlú ta ni ọ̀gá tó ń pàṣẹ, ta la máa bi bí ọta bá ba ẹni tí kò yẹ kó bà.

Kò sí èyí tó gba owó ńlá nínú rẹ̀. Ìwé kan, kálàmù kan, àti ọkàn tó lè gbọ́ ohun tí kò fẹ́ gbọ́.

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ogun àríwá ti di àwítẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó lè ní òun ò gbọ́. Ká lé akátá lọ, bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú gbogbo agbára wa àti ti ìjọba. Ṣùgbọ́n ká bá adìẹ wí lọ́jọ́ kan náà, kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé a ti rí i pé ẹni tó ń dúró de ìgbà tí akátá máa lọ kò bá adìẹ wí rí.

Ẹ jẹ́ ká ka àwọn èèyàn wa. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún ní òmíràn kà.